Orin Àgbà Nígbà Kónílé-ó-gbélé

     Ọ̀rọ̀ orin àti ìlù ni mo mú wá lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé eré lásán ni, nítorí owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn òkú wa pẹ̀lú sì wà nínú rẹ̀.

Àwọn tí kò wá sí ìpàdé wa tí ó kọjá yóò ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó wá. A ń jíròrò lórí àjọ̀dún ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ sì kan ẹni tí yóò lu ìlù fún wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà dáadáa, ó wá ní kí ẹgbẹ́ fi àwọn bàbá onílù Bosso sílẹ̀, pé wọ́n ti darúgbó, pé ọwọ́ wọn kò yá mọ́, kí a wá DJ kan tí yóò gbé ẹ̀rọ ńláńlá wá, tí yóò máa lu orin tí àwọn ọmọ ìwòyí mọ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá wa kùn. Alága ní kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ìpàdé tí ń bọ̀. Èmi kò gba àyè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ fún mi ní ojú ewé kan nínú ìwé yìí, ibẹ̀ ni n ó sì ti sọ tèmi.

Ẹgbẹ́ olórin kan wà ní ìlú Òyìnbó tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rolling Stones. London ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1962, nígbà tí Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira ju ọdún méjì lọ. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, orin onígìtá olóhùn líle, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ń pè ní ariwo. Ní April 2020, Mick Jagger tí ó máa ń kọrin níwájú ti di ẹni ọdún 76. Ẹni ọdún 76 náà ni Keith Richards onígìtá. Ronnie Wood tí ó kéré jù jẹ́ ẹni ọdún 72, Charlie Watts tí ó ń lu ìlù sì jẹ́ ẹni ọdún 78. Bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n wé àwọn tiwa, oṣù April yẹn gan-an ni Olóyè Ebenezer Obey pé ẹni ọdún 78, Sunny Adé sì jẹ́ ẹni ọdún 73. Ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ ọmọdé nínú wọn.

Àwọn Rolling Stones ti pinnu láti máa kọrin káàkiri Amẹ́ríkà láti May 2020. Àrùn Kòrónà dé, wọ́n sún gbogbo rẹ̀ síwájú, olúkúlùkù sì wọlé rẹ̀ lọ. Ní 18 April, wọ́n jáde lórí tẹlifíṣọ̀n nínú ètò kan tí àwọn olórin gbogbo ayé fi ń yẹ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì sí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sí lójú kan. Ilé tirẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń kọrin, a wá ń rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí àwòrán mẹ́rin nínú férémù kan. Jagger kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lóun nìkan, Richards bá a dá sí i, Wood tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó kan Charlie Watts, kò sí ìlù kankan níwájú rẹ̀. Àpótí ni bàbá náà tò sílẹ̀ tí ó ń fi ọ̀pá ìlù lù, ó sì ń lu apá àga mọ́ ọn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín gan-an. Mo fi han ọ̀kan nínú àwọn bàbá onílù wa nínú fóònù mi, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tí ó bá lè lu àpótí kí ó má ṣi ẹsẹ̀ gbé, onílù ni."

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ní 23 April 2020, wọ́n gbé orin tuntun jáde. Orúkọ rẹ̀ ni Living in a Ghost Town, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ènìyàn ń gbé nínú ìlú tí ó ti di ahoro, tí iwin nìkan ni ó kù níbẹ̀. Láti ọdún 2012 ni wọn kò ti gbé orin tuntun tí wọ́n fúnra wọn ṣẹ̀dá jáde. Orin náà kì í sáré. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí régè, Jagger sì fun fèrè ẹnu sí i. Ó dé ipò kìn-ín-ní nínú àwọn orin tí ó ń tà ní Jámánì lọ́dún náà. Èmi kò lè jó o níbi ìnáwó, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí.

Kì í ṣe inú kónílé-ó-gbélé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2019, nígbà tí kò tíì sí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ Kòrónà, wọ́n pé jọ ní Los Angeles, wọ́n lu orin náà, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gbé e pamọ́ de àwo orin tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú. Nígbà tí ilé ayé wá pa rọ́rọ́, Jagger rí i pé orin ìlú ahoro tí ó ti wà nílẹ̀ bá àkókò mu. Ó yí àwọn ọ̀rọ̀ kan padà, wọ́n sì parí rẹ̀ láìfojú kan ara wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí èyí. Bí wọn kò bá ti gba ohùn sílẹ̀ nígbà tí ara dá, kò sí ohun tí wọn ì bá gbé jáde nígbà tí ayé há.

Ìlú ahoro tí wọ́n kọrin nípa rẹ̀, àwa náà rí i níhìn-ín. Ní 23 March 2020 ni ọkọ̀ rélùwéè akérò dúró jákèjádò Nàìjíríà. Ẹ̀yin mọ̀ pé rélùwéè ni ó sọ Minna di ìlú ńlá. Níhìn-ín ni ojú irin tí ó ti Èkó wá ti pàdé èyí tí ó ti Baro lọ sí Kano, ní nǹkan bí ọdún 1911, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá ńlá wa fi sọ ẹrù kalẹ̀ síhìn-ín dípò kí wọ́n máa lọ sókè. Bí ọkọ̀ bá ti Jẹ́bà àti Mokwa bọ̀, tí ó gba Zungeru kọjá, a máa ń gbọ́ ariwo àwọn olóúnjẹ kí a tó gbọ́ fèrè rẹ̀. Ní April yẹn, kò sí olóúnjẹ, kò sí èrò, kò sí alárùú. Ewúrẹ́ ń rìn gbẹ̀rẹ̀ lórí pèpéle ibùdókọ̀ bí ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kasuwan Gwari pàápàá dákẹ́, ẹni tí ó bá mọ Kasuwan Gwari yóò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n Jagger lè kọrin nípa ìlú ahoro nítorí pé ahoro náà kò wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Mo ń bọ̀ wá sórí àwọn tí ó wọ inú ìkòkò tiwọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọmọ wa kan tí ó wà ní Paris.

Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí orin àwọn Òyìnbó yìí jáde, ní 30 April 2020, Tony Allen kú ní Paris. Ẹni ọdún 79 ni. Oládìpọ̀ ni orúkọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ti Yorùbá. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1940. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn ará Gánà tí wọ́n wá ṣe àtìpó ní Èkó, nítorí náà ọmọ àtìpó ni òun náà bíi tiwa. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó ń ṣe ní ilé iṣẹ́ rédíò nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlù Òyìnbó, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì lù. Ó bá Victor Ọláìyá ṣeré nínú ẹgbẹ́ Cool Cats. (Ọláìyá náà kú ní February 2020, kí kónílé-ó-gbélé tó dé. Calabar ni wọ́n bí i sí, ọmọ àtìpó ni òun náà. Bí a bá ka àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ṣe ohun ńlá tí a kò bí sí ilé, ilẹ̀ yóò ṣú.) Láti bí ọdún 1964 sí 1965 ni Tony Allen ti wà lọ́dọ̀ Fẹlá, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1979. Ìlù Afrobeat tí gbogbo ayé ń jó sí, òun ni ó fi ọwọ́ rẹ̀ hun ún. Nínú àwọn ọdún 1980 ni ó kọjá sí ilẹ̀ Òyìnbó, ó sì fi Paris ṣe ilé.

Ní 20 March 2020, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ìjọba Faransé ti ìlú pa, àwo orin tuntun kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ jáde. Rejoice ni wọ́n pè é, ìyẹn ni pé kí a máa yọ̀, ẹ wo ìgbà tí ó bọ́ sí. Òun àti Hugh Masekela, afunfèrè ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n jọ ṣe é. Ọdún 2010 ni àwọn méjèèjì ti pàdé ní London tí wọ́n gba ìlù àti fèrè náà sílẹ̀, wọn kò sì parí rẹ̀. Téèpù wà nínú àpótí. Masekela kú ní January 2018. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n wá gbé téèpù náà jáde, Tony Allen àti àwọn tí ó kù sì parí iṣẹ́ náà ní ọdún 2019. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará Faransé ń kọ ìwé àṣẹ fún ara wọn kí wọ́n tó lè jáde lọ ra búrẹ́dì, òkú kan àti arúgbó kan ń báni ṣeré nínú ilé.

Kò tán síbẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí Tony Allen kú, ní 2 May, ẹgbẹ́ Gorillaz gbé orin kan jáde tí ó ti bá wọn lu ìlù sí, tí Skepta, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí London, sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọdún rẹ̀ pé ní 30 April 2021, àwo orin mìíràn tún jáde tí ìlù rẹ̀ wà nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Charlie Watts náà kú ní 24 August 2021, ẹni ọdún 80. Nígbà tí àwọn Rolling Stones gbé àwo tuntun mìíràn jáde ní October 2023, orin méjì wà nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ pé Watts ni ó ń lu ìlù níbẹ̀, nítorí pé láti 2019 ni wọ́n ti gba ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo fi ìlù Tony Allen náà lé bàbá onílù wa létí. Ó pa ojú dé, ó sì gbọ́ ọ títí ó fi parí. Ó ní, "Ọwọ́ nìkan kọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ ń sọ tirẹ̀, ọwọ́ òsì ń dá a lóhùn." Mo ní, "Bàbá, ọmọ Èkó ni." Ó ní, "Mo ti gbọ́ ọ."

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí Bosso. Àwọn bàbá tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa ní kí a fi sílẹ̀, ọmọ Àyàn ni wọ́n. Onílù kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú agbo ni ọjà rẹ̀, owó tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí ni owó oṣù rẹ̀. Ní ọdún 2020, láti ìparí March lọ, kò sí agbo mọ́. Inú yàrá ni a ti ń sọ ọmọ lórúkọ, ènìyàn mélòó kan péré. Ìgbéyàwó tí a ti pín ìwé rẹ̀ dúró. A ń sin òkú láàárín wákàtí kan, a sì ń wẹ ọwọ́. Àwọn bàbá náà kó ìlù wọn gbé sókè àrò kí kòkòrò má baà jẹ awọ rẹ̀. Ọ̀kan ń bá wọn ru búlọ́ọ̀kù ní Kpakungu, ẹni tí ó ti lé ní ọdún 60. Nígbà tí ẹgbẹ́ pín ìrẹsì àti gàrí, ìwé owó oṣù ni a fi ka orúkọ, orúkọ onílù kankan kò sì sí nínú rẹ̀, nítorí pé wọn kì í san owó oṣù fún ẹgbẹ́. Àwa ni a máa ń san owó fún wọn. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí a ti ṣe é nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Ní May ọdún náà, ìyá ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, ọ̀nà Jẹ́bà kò ṣeé gbà, rélùwéè kò rìn. Àwọn ọmọ òkú mẹ́ta ń bẹ ní Minna níhìn-ín, wọ́n jókòó ní pálọ̀ ní Tunga, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì, inú fóònù ni wọ́n ti ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé ìyá wọn jáde. Èyí àgbà nínú wọn sọ fún mi pé ohun tí ó dun òun jù ni pé ibẹ̀ dákẹ́. Ìyá tí ó bí ọmọ mẹ́jọ, tí ó rí ọmọ-ọmọ, tí a ń sin bí ẹni tí kò ní ẹnìkan.

Láìpẹ́ wọ́n gbọ́ saworo lójú fèrèsé. Méjì nínú àwọn bàbá onílù ti fi ẹsẹ̀ rìn láti Bosso, wọ́n fi aṣọ bo imú, wọ́n dúró níta nítorí òfin ìjìnnà-síra-ẹni. Kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Ìyáàlù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó pe ìyá náà lórúkọ, ó pe bàbá tí ó bí i, ó lọ sí ìdílé rẹ̀, ó kì í dé orírun. Ọmọ òkú gbé fóònù lọ sójú fèrèsé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́hùn-ún, àwọn tí ó ru pósí dúró. Láti Minna ni ìlù ti lọ bá òkú nílé. Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fún wọn lówó, wọn kò gbà á, wọ́n ní ìyá náà ti ná owó fún àwọn rí ní ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ níhìn-ín, pé ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ti gbọ́ oríkì ìdílé náà lẹ́nu rẹ̀, tí àwọn sì mú un sọ́wọ́.

DJ wo ni ó lè ṣe èyí? N kò kórìíra DJ. Ọmọ wa ni wọ́n, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun, àwọn ọ̀dọ́ sì gbọ́dọ̀ jó sí ohun tí ó wù wọ́n. Ṣùgbọ́n orin tí ó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀, ẹlòmíràn ni ó ti gbà á sílẹ̀. Ohun tí kò bá sí nínú ẹ̀rọ, DJ kò lè bá wa rí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí. Àwọn bàbá náà jẹ́ mẹ́ta nígbà kónílé-ó-gbélé. Ẹ mọ̀ pé ọ̀kan ti lọ ní ọdún 2022. Òun ni ó mọ oríkì àwọn ará Ọ̀fà àti ti àwọn ará Ìkìrun tí ó wà láàárín wa, ilé sí ilé, láti ìgbà tí àwọn bàbá wọn ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rélùwéè. Watts kú, a ṣì ń gbọ́ ọwọ́ rẹ̀. Tony Allen kú, orin tuntun rẹ̀ tún jáde. Bàbá wa kú, mo sì ti béèrè káàkiri nílé àwọn tí ó ṣe ìnáwó. Fídíò pọ̀, lóòótọ́. Nínú gbogbo rẹ̀, aṣọ ẹbí ni a ń rí, oúnjẹ ni a ń rí, ẹni tí ń náwó ni a ń rí. Bí ìlù bá ti ń wọ inú oríkì, ẹni tí ó mú kámẹ́rà ti yí i sí ibòmíràn, ẹnìkan a sì máa pariwo lórí rẹ̀. Kò sí ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ Alága àti ẹgbẹ́ fún nìyí. Ní àjọ̀dún, kí àwọn bàbá lu ìlù lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn àgbà bá wà níjòókòó. Kí DJ gba ilẹ̀ lálẹ́. Owó méjèèjì kò ní pa ẹgbẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí a yọ díẹ̀ nínú owó àpò ẹgbẹ́, kí a gba ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Minna níhìn-ín fún ọjọ́ méjì, kí àwọn bàbá méjì tí ó kù jókòó, kí wọ́n lu oríkì ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú wa lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ariwo. Kí a san owó fún wọn bí a ṣe ń san fún oníṣẹ́, kì í ṣe owó tí a ń lẹ̀ mọ́ orí. Kí a sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ó lè jẹ́ pé bí a bá tún ń pín ìrẹsì, a óò rí wọn kà.

Ìdílé kọ̀ọ̀kan ni kí ó kọ orúkọ ìlú rẹ̀, orúkọ ilé rẹ̀ nílùú náà, àti orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé Minna nínú wọn, kí wọ́n fi lé akọ̀wé lọ́wọ́ kí oṣù tó parí. Àwọn ìyá àgbà tí kò lè kọ̀wé, kí ọmọ-ọmọ bá wọn kọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní fídíò àtijọ́ tí ohùn bàbá tí ó lọ náà wà nínú rẹ̀, bó ti wù kí ó kéré tó, kí ó jọ̀wọ́ kí ó mú un wá.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀ ni ìpàdé náà, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn bàbá méjèèjì yóò wà níbẹ̀. Mo ti sọ fún wọn kí wọ́n mú ìlù dání.